Iṣẹ́ Ọwọ́ àti Eré Ìta Tí Ọmọ Kékeré Lè Ṣe Nílé

Ohun tó máa ń ba irú eré yìí jẹ́ ni kí àgbà ti pe ọmọ tán kó tó máa wá sísọ́ọ̀sì kiri, kó tó gbé omi kaná, kó tó rántí pé gọ́ọ̀mù ti gbẹ. Ọmọ ọdún 3 kì í dúró de èèyàn. Kí omi tó hó, ó ti bá tirẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ to gbogbo ohun tí ẹ máa lò sórí tábìlì tàbí sórí ẹní, ẹ gé ohun tó bá le jù fún ọwọ́ ọmọ, ẹ lu ihò tó yẹ kí ẹ lu, ẹ gbé aṣọ ìnuwọ́ sí tòsí. Ìgbà náà ni kí ẹ tó pè é.

Ẹ má retí pé yóò pẹ́ nídìí rẹ̀. Ọmọ ọdún 2 lè jókòó tì í fún ìṣẹ́jú 5 sí 10. Ọmọ ọdún 4 lè lò tó ìṣẹ́jú 20 bí nǹkan náà bá wù ú. Bó bá dìde, ẹ jẹ́ kó dìde. Ó lè padà sí i kí ilẹ̀ tó ṣú.

Iṣẹ́ àgbà nínú gbogbo èyí kò ju iná, ọ̀bẹ, ihò lílu àti okùn síso lọ. Ọmọ ló ni ìyókù. Bó bá lẹ ojú mọ́ ibi tó yẹ kí ẹsẹ̀ wà, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí àgbà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún un lẹ̀ kó lè lẹ́wà, ọmọ á yọwọ́, á di òǹwòran, eré sì ti parí nìyẹn.

Ọ̀fun àti omi

Ẹ wá páálí róbótó tó máa ń ṣẹ́ kù bí tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bá tán. Ihò rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4, òun sì ni òṣùwọ̀n tó rọrùn jù láti fi mọ ohun tó lè há ọmọ lọ́fun. Ohunkóhun tó bá gba inú rẹ̀ jáde, ẹ má fi í sọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3: ìlẹ̀kẹ̀, bọ́tìnì, ọmọrí ìgò, òkúta wẹ́wẹ́, èso igi tó yí róbótó. Ọmọ tó ti ju ọdún 3 lọ àmọ́ tó ṣì ń kó nǹkan sẹ́nu, bákan náà ni kí ẹ ṣe fún un. Bí bàlúùnù bá bẹ́, ẹ ṣa gbogbo àfọ́kù rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí rọ́bà rírọ̀ yẹn lè lẹ̀ mọ́ ọ̀nà èémí pinpin. Bátìrì pẹlẹbẹ tó dà bí owó ẹyọ kò gbọ́dọ̀ sí nítòsí rárá. Bí ọmọ bá gbé e mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí 2 péré. Irin òòfà kéékèèké náà kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀.

Omi ńkọ́? Omi tí kò jìn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ tó láti gba ẹ̀mí ọmọ kékeré, kì í sì í pariwo bó bá ń ṣẹlẹ̀. Níbi tí omi bá wà, kí àgbà kan dúró síbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó ọmọ, kó má sì máa wo fóònù. Bí eré bá ti parí, ẹ da omi náà nù kí ẹ tó ṣe ohun mìíràn, kí ẹ sì da bọ́kẹ́ẹ̀tì dojú dé.

Amọ̀ fúláwà

Òun ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, nítorí ó ń fún ìka ọmọ lágbára, àwọn ìka yẹn ló sì máa di sísọ́ọ̀sì àti pẹ́ńsù mú lọ́la. Ife kan náà ni kí ẹ fi wọn gbogbo rẹ̀:

– fúláwà, ife 2
– iyọ̀ lẹ́búlẹ́bú, ife 1
– òróró, ṣíbí ìjẹun 2
– omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, ife 1, pẹ̀lú ìdajì ife mìíràn tí ẹ máa gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́
– àwọ̀ tí wọ́n ń fi sí oúnjẹ, ìkán 10

Ẹ da fúláwà àti iyọ̀ sínú abọ́ ńlá, kí ọmọ fi ọwọ́ pò ó dáadáa kí iyọ̀ má baà ṣù jọ síbì kan. Ẹ da òróró sí i, kó tún pò ó. Inú omi gbígbóná ni kí ẹ ro àwọ̀ sí. Bí àwọ̀ bá kan amọ̀ tó ti di, ilà-ilà ló máa ṣe, ọwọ́ gbogbo yín á sì kun. Wàyí o, kí ọmọ sún sẹ́yìn, torí àgbà ló ń da omi. Ẹ dà á ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ máa fi ṣíbí igi rò ó bí ẹ ṣe ń dà á. Bí fúláwà gbígbẹ bá ṣì kù nísàlẹ̀ abọ́, ẹ bù díẹ̀ kún un nínú ìdajì ife yẹn. Ó lè má gbà á tán.

Ohun tí ẹ máa rí nínú abọ́ nígbà yìí kò ní wu ojú. Apá kan á rí jákujàku, apá kejì á lẹ̀ mọ́ ṣíbí. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bà á jẹ́: wọ́n á sáré bu fúláwà sí i kó lè gbẹ, bó bá sì tutù tán, á máa sán. Ẹ fi fúláwà sílẹ̀. Ẹ fi aṣọ bo abọ́ náà fún ìṣẹ́jú 10, nítorí bó ṣe ń tutù ló ń mu omi tó kù lára. Lẹ́yìn náà, ẹ dà á sórí tábìlì, ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ tì í síwájú, ẹ ká a padà, ẹ yí i, ẹ tún tì í. Láàárín ìṣẹ́jú 5, ara rẹ̀ tó rí hẹ́rẹhẹ̀rẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í dán, á sì rọ̀ bí ìsàlẹ̀ etí èèyàn. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Bí ojú ìka bá hàn lára rẹ̀ tí ohunkóhun kò sì lẹ̀ mọ́ ìka yín, ó ti dé ibi tó yẹ kó dé.

Bó bá tutù tán tó ṣì ń lẹ̀ mọ́wọ́, ẹ fi fúláwà ṣíbí kan sí i, ẹ pò ó, ẹ wò ó, kí ẹ tó ronú ṣíbí kejì. Bó bá ń fọ́, omi ló kù: ẹ ti ọwọ́ bọ omi, kí ẹ fi ọwọ́ tútù yẹn pò ó. Bí ẹ bá da omi lé e lórí tààrà, ẹ̀yìn rẹ̀ á máa yọ̀, inú rẹ̀ á sì gbẹ síbẹ̀. Bó bá ń ta ọwọ́ bí iyanrìn, ó jẹ́ pé iyọ̀ oníhóró ńlá lẹ lò tàbí kí omi má gbóná tó. Omi tó hó ló ń mú kí fúláwà wú tí yóò fi di ara rẹ̀ mú. Èyí tí a fi omi tútù pò á máa lẹ̀ lọ́wọ́ lónìí, á sì gbẹ kó tó di ọjọ́ kẹta.

Ẹ fi náílọ́ọ̀nù wé e, ẹ gbé e sínú ike tó ní ìdérí tó ṣe pinpin. Iyọ̀ ni kì í jẹ́ kó tètè bàjẹ́, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 kó tó bu. Bó bá ti bu, tàbí tó ń rùn, ẹ sọ ọ́ nù, ẹ po òmíràn. Iyọ̀ yẹn kan náà ni ìdí tí kò fi yẹ kó wọ ẹnu. Bí ọmọ bá jẹ ẹ̀kúnwọ́ rẹ̀, ó lè ṣe é ní jàǹbá, ó sì lè pa ajá. Fúláwà tí a kò sè náà sì lè ní kòkòrò àrùn nínú. Ẹ fọ ọwọ́ ọmọ bẹ́ ẹ bá ṣe tán. Bó bá ní ojú ọgbẹ́ lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó jinná ná, torí iyọ̀ á ta á.

Kí ni ọmọ á fi ṣe? Ọmọ ọdún 2 á kan máa gún un níka, á máa já a, á máa tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, kò sì sí ohun tó burú ńbẹ̀. Ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́, ewé oníṣan, fọ́ọ̀kì, ìdí ife, kó máa tẹ̀ wọ́n mọ́ ọn. Ọmọ ọdún 3 á lè yí i gbọọrọ bí ejò, ọmọ ọdún 4 á lè yí i róbótó láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Róbótó le ju gbọọrọ lọ, nítorí ọwọ́ kan gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́ kí èkejì tó lè yí.

Bí ẹ bá fẹ́ ohun tí ẹ máa tọ́jú, bí àpẹẹrẹ ojú ọwọ́ ọmọ, amọ̀ olóróró yìí kò dára fún un. Ẹ̀yìn rẹ̀ á gbẹ ṣáájú inú, á sì là. Ẹ po fúláwà ife 2, iyọ̀ ife 1 àti omi tútù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ife 1, láìsí òróró. Ẹ tẹ́ ẹ kó nípọn tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà, ẹ tẹ ọwọ́ ọmọ mọ́ ọn, ẹ lu ihò ìfikọ́ kó tó gbẹ, kí ẹ sì yan án nínú ààrò tí iná rẹ̀ wà ní ìwọ̀n 100 sí 120 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún wákàtí 2 sí 3. Ẹ dojú rẹ̀ dé láàárín kan. Bí àárín rẹ̀ bá wú, iná ti pọ̀ jù.

Ọ̀nà tí sísọ́ọ̀sì ń gbà wọlé

Ìwé máa ń tẹ̀, ó máa ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì ní dúró de ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gún. Amọ̀ tí a yí gbọọrọ kì í sá. Òun ni kí ọmọ kọ́kọ́ gé, láti bí ọdún 3, pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì ọmọdé tí orí rẹ̀ kò ṣóńṣó.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Àtàǹpàkò ló wà nínú ihò òkè, ìka àárín nínú ihò ìsàlẹ̀, ìka ìfábẹ̀là sì ń gbé e ró látìta. Ọ̀pọ̀ ọmọ á yí ọwọ́ dà kí àtàǹpàkò máa wo ilẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ á sì yọ síta bí apá ẹyẹ. Ẹ fi bírò ya ojú kékeré sórí èékánná àtàǹpàkò rẹ̀, kí ẹ sọ fún un pé ojú yẹn gbọ́dọ̀ máa wo òun ní gbogbo ìgbà tó bá ń gé nǹkan. Ìgbọ̀nwọ́ á wálẹ̀ fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn amọ̀, ẹ fún un ní páálí fẹ́lẹ́ tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, tí sísọ́ọ̀sì á gé já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ilà gbọọrọ ló kàn, róbótó ló gbẹ̀yìn, ìwé ni ọwọ́ kejì á sì máa yí bó bá dé ìdí róbótó, kí sísọ́ọ̀sì dúró síbi tó wà. Ọmọ tó ń lo ọwọ́ òsì nílò sísọ́ọ̀sì ọlọ́wọ́ òsì. Ti ọ̀tún á bo ilà tó fẹ́ gé mọ́ ọn lójú, ìwé á sì máa ká sáàárín irin méjèèjì, ẹ ó sì rò pé ọmọ náà ni kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Bí gọ́ọ̀mù bá tán, ẹ fi fúláwà ìdajì ife po omi tútù ìdajì ife títí kò fi ní ṣù, ẹ dà á sínú omi ife 2 tó ń hó lórí iná, kí ẹ máa rò ó fún ìṣẹ́jú 2 sí 3 títí á fi fà. Ẹ jẹ́ kó tutù kí ọmọ tó fọwọ́ kàn án. Ó ń di ìwé àti páálí mú dáadáa. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni o. Bó bá nípọn, ìwé á rọ, á sì ká.

Fóònù olókùn

Ife páálí tàbí ike 2, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó jọ̀lọ̀ mítà 5 sí 8, igi ìṣáná 2 tí ẹ ti kán orí ẹ̀ kúrò. Ẹ fi abẹ́rẹ́ lu ihò sí àárín gbùngbùn ìdí ife kọ̀ọ̀kan, kó má fẹ̀ ju kí okùn kọjá lọ. Ẹ ti okùn bọ ihò látìta, ẹ so ó mọ́ igi ìṣáná nínú ife kó má lè yọ padà. Ẹ ṣe èkejì bákan náà.

Kí ọmọ gbé ife kan sétí, kí ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sínú ìkejì, kí ẹ jìnnà síra títí okùn á fi le bí okùn gìtá. Ohùn á gbọn ìdí ife, ìdí ife á gbọn okùn, okùn á sì gbọn ìdí ife kejì. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá dá gbígbọ̀n yẹn dúró ló pa fóònù náà: okùn tó dẹ̀, okùn tó kan ògiri tàbí ẹ̀ka igi, ìka tó tẹ ìdí ife, okùn ìhunṣọ tó rọ̀ tó sì ń gbé ohùn mì. Ẹ kọ́ ọmọ kó di etí ife mú, kí ìdí rẹ̀ wà lófo. Bó bá ti ń gbọ́ yín, ẹ ní kó fi ìka méjì fún okùn náà pọ̀ bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ohùn á dáwọ́ dúró lójijì, inú ọmọ á sì dùn ju ti fóònù gan-an lọ. Okùn mítà 5 kì í ṣe ohun tí à ń fi sílẹ̀ fún ọmọ ní òun nìkan, torí ọrùn. Ẹ ká a kúrò bẹ́ ẹ bá ṣe tán.

Ohun tí kò gba ìmúrasílẹ̀

Ẹ fún ọmọ ní búrọ́ọ̀ṣì ńlá àti omi díẹ̀ nínú ike, kó máa fi omi kun ògiri tàbí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. Oòrùn á nù ún, á tún kùn ún.

Láàárọ̀, kó dúró lórí sìmẹ́ńtì, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ya òjìji rẹ̀, kí ẹ sì sàmì sí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Lẹ́yìn wákàtí 2, kó padà dúró sójú àmì náà: òjìji ti kúrò níbẹ̀, ó sì ti kúrú. Ẹ má ṣàlàyé kíákíá. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé ta ló gbé e.

Ewé náà wà. Ẹ kó èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já, torí èyí tó ti gbẹ máa ń fọ́. Ẹ tẹ́ ẹ kí ẹ̀yìn rẹ̀ tí iṣan yọ lára rẹ̀ dojú kọ òkè, ẹ fi ìwé fẹ́lẹ́ bò ó, ẹ bó ìwé ara kíréyọ́ọ̀nù kúrò, kí ọmọ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ha á, kì í ṣe orí. Bí àwòrán bá pín sí méjì, ewé náà ló yẹ̀ nísàlẹ̀: ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ igi ewé mọ́ tábìlì. Ewé tí ẹ kò bá dá mọ̀, ẹ má já a. Òmíràn máa ń yún ara.

Róbótó ọṣẹ tó ń fò

Omi ife 6, ọṣẹ olómi ìfọbọ́ ife 1, glycerine ìdá kan nínú mẹ́rin ife. Bí kò bá sí glycerine, ẹ yọ́ ṣúgà ṣíbí ìjẹun 3 sínú díẹ̀ lára omi náà nígbà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ rò ó jẹ́jẹ́, ẹ má jẹ́ kó hó, nítorí ìfófòó ló ń bẹ́ róbótó. Bó bá ti hó, ẹ ha ìfófòó kúrò lójú rẹ̀. Ẹ bò ó di ọjọ́ kejì. Èyí tó bá sùn máa ń dára ju èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pò lọ.

Fún róbótó ńlá, ẹ wá igi 2 tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 40. Ẹ so okùn òwú sẹ̀ǹtímítà 40 mọ́ orí méjèèjì, kí ẹ tún so èyí tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 80 mọ́ ibi kan náà kó rọ̀ sísàlẹ̀. Òwú ni o, nítorí ó ń mu omi ọṣẹ. Okùn ike kì í mu nǹkan kan. Ẹ pa igi pọ̀, ẹ rì í bọnú ọṣẹ, ẹ gbé e sókè, ẹ ṣí igi díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rìn sẹ́yìn jẹ́jẹ́. Bí róbótó bá ti gùn tó, ẹ pa igi pọ̀ kó lè já. Bó bá ń bẹ́ kó tó já, ẹ ń yára jù tàbí kí afẹ́fẹ́ pọ̀.

Àárọ̀ kùtù, ìrọ̀lẹ́ àti ẹ̀yìn òjò ló dára jù, nítorí omi tó bá gbẹ kúrò lára róbótó ló ń bẹ́ ẹ, afẹ́fẹ́ tútù kì í sì í jẹ́ kó tètè gbẹ. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọwọ́ gbígbẹ fi ń bẹ́ róbótó, tí ọwọ́ tí a rì bọ ọṣẹ sì lè gbà á lódidi. Ẹ fi han ọmọ.

Ọmọ kékeré tó fẹ́ fi sítírọ́ọ̀ fẹ́ ẹ lè fa ọṣẹ mu. Ẹ gé ihò kékeré sí ara sítírọ́ọ̀ náà nítòsí ibi tó ń fi sẹ́nu. Bó bá fẹ́, atẹ́gùn á jáde nísàlẹ̀ síbẹ̀. Bó bá fà, ihò yẹn ni atẹ́gùn á gbà wọlé, ọṣẹ kò ní gòkè. Orí koríko ni kí ẹ ti ṣe eré yìí. Ọṣẹ lórí sìmẹ́ńtì tàbí táìlì máa ń yọ̀ gan-an.

Káìtì

Èyí gba ọwọ́ àgbà ju ìyókù lọ, àmọ́ ọmọ ọdún 4 lè kùn ún, ó lè so ìrù rẹ̀, ó sì lè di okùn mú. Ẹ wá igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó gún régé 2, bíi ti oparun tí a là, kó má nípọn ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ: ọ̀kan sẹ̀ǹtímítà 60, ọ̀kan 50. Ẹ sàmì sí igi gígùn ní sẹ̀ǹtímítà 15 láti òkè, kí ẹ sì sàmì sí àárín igi kúkúrú. Ẹ gbé wọn lé ara ní àgbélébùú níbi àmì méjèèjì, ẹ fi òwú dì í ní àdìmọ́, síhìn-ín sọ́hùn-ún, kí ẹ kan gọ́ọ̀mù díẹ̀ lé e.

Kí ẹ tó lọ síwájú, ẹ fi ìka kan gbé igi gígùn náà ró ní orí àti ní ìdí. Bí apá kan bá wálẹ̀, ẹ sún igi kúkúrú títí méjèèjì á fi dọ́gba. Káìtì tí apá rẹ̀ kan wúwo á máa yí sí apá yẹn títí láé, kò sí ìrù tó lè wò ó sàn.

Ẹ la ẹ̀là kékeré sí orí igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ fi òwú yí i ká, kó le díẹ̀ láìtẹ igi. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ìwé fẹ́lẹ́ tàbí náílọ́ọ̀nù fúyẹ́, ẹ gé e kó ju òwú lọ ní sẹ̀ǹtímítà 2 yíká, ẹ ká etí rẹ̀ bo òwú, ẹ lẹ̀ ẹ́. Kí ọmọ ya ohun tó bá wù ú sí i báyìí, pẹ̀lú kíréyọ́ọ̀nù, torí ọ̀dà máa ń mú ìwé wúwo.

Ìjánu ló kàn. Ẹ gé okùn sẹ̀ǹtímítà 90. Ẹ so orí rẹ̀ kan mọ́ òkè igi gígùn, ìkejì mọ́ ìsàlẹ̀, lójú ibi tí ìwé wà, kí bíi sẹ̀ǹtímítà 75 ṣẹ́ kù láàárín. Ẹ ta ojóbó kékeré sí i ní sẹ̀ǹtímítà 28 láti òkè. Bí ẹ bá fa ojóbó náà kí okùn le, ó yẹ kó bọ́ sí iwájú ibi tí igi méjèèjì ti pàdé tàbí kó wálẹ̀ díẹ̀ sí i. Okùn tí ẹ máa dì mú ni ẹ máa so mọ́ ojóbó. Ẹ so ìrù mítà 3 mọ́ ìdí, kí ọmọ máa so àkísà wẹ́wẹ́ mọ́ ọn ní bíi sẹ̀ǹtímítà 30 sí ara wọn.

Ẹ wo ewé igi. Bó bá ń mì láìdúró, afẹ́fẹ́ náà tó. Bí ẹ̀ka ńlá bá ń mì, ẹ dúró de ọjọ́ mìíràn. Ẹ wá pápá gbalasa tí kò sí wáyà iná, ọ̀nà mọ́tò tàbí igi nítòsí. Ẹ má fi wáyà ṣe okùn láé, bí àrá bá sì ti ń sán tàbí òjò ń ṣú, ẹ wọlé.

Ẹ kọ ẹ̀yìn sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Kí ẹnì kan di káìtì mú ní mítà 10 sí 15 níwájú yín, kí òkè rẹ̀ wo ọ̀run, kó fi í sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá fa okùn. Kó má jù ú o. Ẹ má sáré: ọmọ tó ń sáré tó kọ ẹ̀yìn sí káìtì kì í rí i bó bá ń ṣubú, kì í sì í rí kòtò níwájú. Bó bá ń gòkè, ẹ tú okùn díẹ̀. Bó bá dúró, ẹ fà á díẹ̀ kó tún gùn. Bó bá forí sọlẹ̀, ẹ má fà á, ẹ dẹ okùn, á sì tún ara rẹ̀ ṣe. Bó bá ń yí bìrìbìrì, ẹ fi ìdajì mítà kún ìrù. Bó bá ń fa okùn gan-an àmọ́ tí kò gòkè, ẹ sún ojóbó sókè ní sẹ̀ǹtímítà 1. Bó bá ń gbọ̀n pẹ́pẹ́, tí kò fa okùn, ẹ sún un sísàlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1. Ohun kan ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan.

Ara igi tó nípọn ni kí ẹ ká okùn sí, kí ọmọ má ká a mọ́ ìka tàbí ọwọ́. Afẹ́fẹ́ tó bá já wọlé lójijì lè fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ gé ìka. Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ẹnì kan di okùn mú, kí ẹ máa rìn lọ bá káìtì, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ okùn sísàlẹ̀ bí ẹ ṣe ń rìn. Fífà á wálẹ̀ pẹ̀lú agbára ló máa ń ṣẹ́ igi rẹ̀. Bó bá há sórí igi, ẹ gé okùn, ẹ fi í síbẹ̀. Bó bá sì kan wáyà iná, ẹ ju okùn sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ kó ọmọ kúrò níbẹ̀, kí ẹ pe àwọn tó ń mójú tó iná mànàmáná.